Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ Lórí Fóònù, Kọ̀ǹpútà àti Àṣírí Wa

Ọ̀rọ̀ owó dídá, ẹ̀yáwó àti ìpàdé ni a máa ń sọ jù nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí pé ojú wa rí i, ó sì dùn wá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn olè tí kì í fọ́lé, tí kì í yọ ìbọn, tó jẹ́ pé orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà wọlé tọ̀ wá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. A fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí àhesọ má baà gba ipò òtítọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ẹnì kan pe akápò wa lórí fóònù. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pè wọ́n lórúkọ. Ó ní òun ń pè láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́, pé wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé lórí fóònù, àti pé òun ti fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà náà fún òun kí òun lè fi orúkọ wọn sínú ìwé ìpàdé. Akápò wo fóònù wọn, wọ́n rí nọ́ńbà mẹ́fà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì kà á. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí WhatsApp wọn fi tì mọ́ wọn lójú. Nọ́ńbà tí wọ́n kà yẹn kì í ṣe ti ìpàdé kankan. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp wọn ni. Olè náà ti gbé e sórí fóònù tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ akápò àti àwòrán wọn: pé ẹgbẹ́ ti rí owó ẹ̀yáwó pàjáwìrì gbà, pé kí ẹni tó bá fẹ́ san ₦15,000 owó fọ́ọ̀mù kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Nọ́ńbà àkáǹtì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ tó wà lára àkáǹtì náà kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣàlàyé pé ti òṣìṣẹ́ báńkì tó ń bá wa ṣe é ni. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ló san án. ₦60,000 ló lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ni wọ́n mú níbẹ̀. Nígbà tí a lọ bá wọn, wọn kò pariwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ akápò, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ká wa lára ju owó náà lọ.

Ẹni karùn-ún tí ì bá tún san ni bàbá kan tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Wọn kò mọ bí a ti ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Wọ́n di ₦15,000 sápò, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn akápò. Wọ́n ní, "Mo ní kí n kúkú wá fi lé yín lọ́wọ́." Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Kí aago mẹ́wàá tó lù, a ti ń pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gba owó bàbá yìí là. Kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kàn ṣe ohun tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni: wọ́n fi owó lé ẹni tó ni í lọ́wọ́, wọ́n sì fojú rí i.

Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dé orílẹ̀-èdè wa. Nínú ẹgbẹ́ tó bá dúró ṣánṣán, láyé àtijọ́ títí di òní, ohun mẹ́ta kan kì í wọ́n. Èkíní, ẹnì kan ṣoṣo kì í buwọ́ lu owó kó jáde. Èkejì, a kì í fi etí lásán gba ọ̀rọ̀ owó, rìsíìtì àti ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, lẹ́jà kì í wà níbì kan ṣoṣo. A ti wò ó síwá, a ti wò ó sẹ́yìn, ohun mẹ́ta yìí náà ni ààbò fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNÍ: ÌBUWỌ́LÙ MÉJÌ

Pásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí nǹkan, ni ìbuwọ́lù àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo 123456, tàbí orúkọ ọmọ wọn, tàbí ọdún tí wọ́n bí wọn. Olè kò ní láti jókòó máa rò ó. Ẹ̀rọ ni yóò bá a gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì lè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò ká tó ṣẹ́jú pẹ́.

Ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró ni gígùn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan, ẹ so wọ́n pọ̀, bí ẹni pé ẹ kọ ewúrẹ́, bàtà, òjò, àtùpà, láìfi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ó rọrùn fún yín láti rántí, ó sì le fún ẹ̀rọ láti mọ̀. (Ẹ má lo èyí tí a kọ síbí o, gbogbo ẹgbẹ́ ló ti kà á!) Ẹ má sì fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo ilẹ̀kùn. Bí olè bá jí èyí tí ẹ fi ń wo fíìmù, kò gbọdọ̀ lè fi ṣí ti báńkì. Bí iyè yín kò bá gbé gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú àpótí nílé. Olè tó wà ní ìlú òkèèrè kò lè ṣí àpótí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù kan náà, ẹ má sì kọ píìnì sí ẹ̀yìn káàdì ATM.

Èyí tó yẹ kó le jù nínú gbogbo pásíwọ́ọ̀dù yín ni ti ímeèlì. Ìdí ni pé bí ènìyàn bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ibòmíràn, inú ímeèlì ni wọ́n ń fi ọ̀nà àtúnṣe ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín, ó ti gba ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ìbuwọ́lù kejì ló wá ṣe pàtàkì jù. Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti fún gbogbo ènìyàn láǹfààní láti fi nọ́ńbà mẹ́fà tiwọn kún un, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àfi onífóònù. Bí akápò wa bá ti ṣe èyí ni, nọ́ńbà tí wọ́n kà lálẹ́ ọjọ́ náà nìkan kì bá tó olè náà lò. Bí a ti ń ṣe é nìyí: ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tiyín, kí ẹ sì fi ímeèlì yín kún un. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nínú WhatsApp náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Linked devices sí. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Síìmù náà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín, fóònù lè wà ní títì, ṣùgbọ́n olè lè yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, kí kóòdù báńkì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi píìnì tì í. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta o, nítorí yóò tì pa, nọ́ńbà PUK láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù yín nìkan ló sì lè ṣí i.

ÈKEJÌ: FOJÚ RÍ I KÍ O TÓ SANWÓ

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníjìbìtì yìí kì í fọ́ ohunkóhun. Àwa fúnra wa ni wọ́n ń bẹ̀ kí a ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ímeèlì kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines. Àkọlé rẹ̀ ni ILOVEYOU, ìyẹn ni pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun kan tó dà bí lẹ́tà ìfẹ́ so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i, kòkòrò kọ̀ǹpútà ló ṣí. Kòkòrò náà á ba àwọn àwòrán inú kọ̀ǹpútà jẹ́, lẹ́yìn náà á fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdírẹ́sì onítọ̀hún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti wọ ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Kí ló jẹ́ kó yára bẹ́ẹ̀? Ẹni tí a mọ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀rẹ́ ni, ọ̀gá ni, ará ilé ni. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ wa ní ọjọ́ Sátidé yẹn nìyẹn.

Nítorí náà, kò tó láti sọ pé, "Orúkọ ẹni tí mo mọ̀ ló wà lórí rẹ̀." Fóònù ẹni náà lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àní ohùn pàápàá kò tó mọ́. Lóde òní, ẹ̀rọ wà tó lè fi ohùn ènìyàn díẹ̀ tó gbọ́ sín ohùn náà jẹ, tí ẹ ó fi rò pé ọmọ yín ló ń sunkún lórí fóònù pé ọlọ́pàá mú òun. Ẹ jẹ́ kí ìdílé yín ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ jọ mọ̀, tí ará ìta kò mọ̀. Bí ẹni tó pè kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ pa fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe ọmọ yín.

Bó ti rí nìyẹn pẹ̀lú àwọn tó ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báńkì. Báńkì kì í béèrè píìnì, pásíwọ́ọ̀dù, tàbí kóòdù tó bá wọlé sórí fóònù yín. Kò sí ìdí kankan lábẹ́ ọ̀run tí ẹlòmíràn á fi nílò kóòdù náà. Bí ẹnì kan bá pè yín pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa lónìí, ẹ pa fóònù, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Bí lìǹkì bá sì wọlé pé ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, tàbí kí ẹ tún BVN yín ṣe, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì báńkì yín, tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀.

Àmì kan wà tí gbogbo wọn fi jọra: ìkánjú. "Kí aago méjìlá tó lù." "Lónìí nìkan." "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹ wo iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yáwó wo ni a fún ẹnikẹ́ni rí láìsí onídùúró, láìsí ìpàdé, láàárín wákàtí mẹ́ta? Níbi tí ìkánjú bá ti wà, ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀KẸTA: LẸ́JÀ KÌ Í WÀ NÍBÌ KAN ṢOṢO

Èyí kan kọ̀ǹpútà ilé, a sì ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a gbé ìwé ìṣirò ọdún lọ tẹ̀ ní ilé oníkọ̀ǹpútà kan. Inú fíláàṣì ni a gbé e sí. Nígbà tí a padà dé tí a fi fíláàṣì náà sínú kọ̀ǹpútà tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, gbogbo fáìlì tì pa. Ìwé kan hàn lójú kọ̀ǹpútà pé kí a san owó dọ́là kí wọ́n tó ṣí i fún wa. A kò san án, nítorí pé kò sí ohun tó dá wa lójú pé olè tó gbowó yóò mú àdéhùn ṣẹ. Lẹ́jà tí a fi ọwọ́ kọ, tí àwọn kan ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti kọjá rẹ̀, òun la ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń dá a tẹ̀ padà lálaalẹ́. Ká ní kò sí lẹ́jà náà ni, a kì bá mọ ẹni tó dá èló.

Irú olè yìí kì í ṣe kékeré lágbàáyé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, èyí tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan kí wọ́n dá àwọn aláìsàn kan padà sílé. Ohun tó dun ni ni pé láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò yẹn jáde. Àwọn tí wọ́n gbà á sínú kọ̀ǹpútà wọn, kòkòrò náà kò rí ihò yẹn gbà wọlé. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé "ó di ọ̀la" ni ó bá nínú ilé.

Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù bá sọ pé òun fẹ́ gba àtúnṣe, ẹ má máa tì í kúrò lójú nítorí owó dátà. Àtúnṣe ni kíkùn tí a ń kun ògiri tó sán. Ẹ̀yin tí Windows 10 wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ mọ̀ pé Microsoft ti parí ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gba àtúnṣe ààbò lẹ́yìn ọjọ́ náà ní láti forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́tọ̀, tàbí kó lọ sí Windows 11 bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lè gbé e.

Ohun mẹ́rin mìíràn nìyí tí kò gba owó lọ́wọ́ yín.

Èkíní, Windows 10 àti 11 ní ọlọ́dẹ tiwọn nínú, tí a ń pè ní Defender. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á kí ó lè fi ohun kan síbẹ̀.

Èkejì, ẹ yé gba àwọn ètò tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ìdá díẹ̀ iye owó rẹ̀, tàbí tí àwọn ọmọ ń fà wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá jí ọjà, kò ṣòro fún un láti fi májèlé sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya ọ̀nà ìwọlé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má lè fi ohunkóhun kún un láìsí pásíwọ́ọ̀dù òbí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà tó bá ṣì so mọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tó bá pa ìyá yóò pa ọmọ pẹ̀lú.

ÌWÉ TÍ A FI Ń DI Ẹ̀PÀ

Kì í ṣe inú ẹ̀rọ nìkan ni àṣírí ti ń jáde. Èwo nínú wa ni kò tíì ra ẹ̀pà tàbí àkàrà rí, tó wá rí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn lára ìwé tí wọ́n fi dì í? Fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan kọ níbì kan ni.

Láti ọdún 2014 ni a ti ń gba BVN. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni, NIN náà sì jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá. BVN nìkan kò lè gbé owó jáde nínú àkáǹtì yín. Ṣùgbọ́n bí olè bá pè yín tó ka BVN yín, ọjọ́ ìbí yín àti orúkọ ìyá yín létí yín, ẹ ó gbà pé báńkì ni. Ohun tó ń fi í ṣe nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fún ènìyàn ní ẹ̀dà ìwé NIN yín, ẹ kọ ohun tó wà fún àti déètì sí orí ẹ̀dà náà gbọọrọ, bíi "fún ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ nìkan". Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ilé oníkọ̀ǹpútà, ẹ má dìde títí wọn yóò fi pa á rẹ́ lójú yín. Bí ẹ bá fẹ́ ta fóònù tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ nù ún mọ́.

A tún fẹ́ kìlọ̀ nípa àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ń béèrè àyè láti wo gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù yín kí wọ́n tó yá yín ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pẹ́ san án, wọn á kọ̀wé sí àna yín, sí pásítọ̀ tàbí ààfáà yín, pé olè ni yín. Láti ọdún 2022 ni àjọ FCCPC ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀ kí ìwà yìí lè dínkù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ inú ìtìjú yìí, ẹ wá bá wa. Nítorí kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

BÓ BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì yín. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ fún èyí. Ẹ béèrè tiyín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹnì kan nílé náà sì mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ WhatsApp ni, ẹ tún un ṣí lórí fóònù yín, ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tuntun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè náà yóò jáde lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti fi píìnì tirẹ̀ sí i, ẹ lè ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè fi orúkọ yín tọrọ owó mọ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí báńkì yín, kí ẹ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka kan tó wà fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin tó de irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí sì ti wà láti ọdún 2015.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ̀rọ̀ síta. Akápò wa ní kí a kọ èyí, kí a má fi pamọ́. Wọ́n ti mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn rò pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀ yẹn ni olè rí àyè. Ká ní wọ́n pe alága ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹnikẹ́ni kì bá san kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tí wọn kò lè tàn. Ẹni tí wọ́n bá tàn tó sì ké gbàjarè, ó ti ran gbogbo ẹgbẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀BI TIWA ÀTI OHUN TÍ A PINNU

Ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀bi. Orí ojú ewé WhatsApp ẹgbẹ́ ni a máa ń gbé orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye owó tí oníkálukú dá sí. Olè tó wọ fóònù akápò bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ bí àkàrà inú àwo. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ni ín sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa òun. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ohun tí a ti pinnu nìyí:

1. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé owó yín. Kò ní yí padà lórí fóònù láéláé. Bó bá máa yí padà, ìpàdé gbogboogbò ló máa yí i.

2. Ọ̀rọ̀ owó tó bá wá lórí fóònù kò tíì di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àfi bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu olóyè ẹgbẹ́ méjì.

3. A ti yọ gbogbo orúkọ àti iye owó kúrò lórí WhatsApp. Oníkálukú yóò máa wo tirẹ̀ nínú ìwé owó rẹ̀.

4. Àwọn ẹ̀dà ìwé NIN yín wà nínú àpótí onírin báyìí, ọwọ́ ènìyàn méjì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà.

5. Kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀. Kí gbogbo àgbàlagbà mú fóònù wọn wá. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yóò bá wọn fi ìbuwọ́lù kejì sí WhatsApp wọn, ṣùgbọ́n oníkálukú ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà tirẹ̀, kí ọ̀dọ́ náà sì wo ibòmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ₦60,000. Ìgbìmọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ní oníkálukú ni kó ru ẹrù rẹ̀. Àwọn mìíràn ní orúkọ ẹgbẹ́ ni olè fi tan àwọn ènìyàn yìí, nítorí náà kí ẹgbẹ́ gbé e. Akápò ti ní àwọn yóò fi ₦20,000 sílẹ̀ láti inú àpò ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́.

Ìyá Gbági náà ṣì dá owó oṣù yìí. Wọ́n mú un wá fúnra wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dúró títí a fi kọ rìsíìtì. A fẹ́ kí gbogbo wa máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Tiyín ní tòótọ́ nínú iṣẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀,
Akọ̀wé, ní orúkọ ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe.